Dídẹ ẹja trout nígbà òtútù: ìbéèrè tí àwọn ará Àkúrẹ́ àti Òǹdó máa ń bi mí

Mo gbé Calgary ní Kánádà fún ọdún mélòó kan kí n tó padà wá sí Àkúrẹ́. Láti ìgbà tí mo ti dé, oríṣi ènìyàn méjì ló ń bi mí ní ọ̀rọ̀ ìwọ̀. Àwọn kan fẹ́ rìnrìn àjò, tàbí kí ọmọ wọn ti wà lọ́hùn-ún. Àwọn yòókù rí fọ́tò ibi tí mo dúró sínú odò tí yìnyín yí ká, wọ́n sì rò pé orí mi ti dàrú. Mo kó ìdáhùn wọn jọ síbí kí ẹnu mi lè sinmi. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á ni pé bí omi ṣe gbóná tàbí tutù sí ló ń pinnu gbogbo nǹkan yòókù: ibi tí ẹja wà, àkókò tí yóò jẹun, irú ìwọ̀ tí yóò gbé mì.

Irú ẹja wo tiẹ̀ ni trout? Ṣé Titus ni?

Rárá o. Titus tí à ń rà nínú fíríìsà lọ́jà NEPA, inú òkun ló ti wá. Trout jẹ́ ìbátan salmon, inú odò tútù ló sì fẹ́ràn. Oríṣi méjì lẹ máa gbọ́ orúkọ wọn jù. Rainbow trout ní ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú ní ẹ̀gbẹ́ láti etí dé ìrù, apá ìwọ̀ oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà ló sì ti ṣẹ̀. Brown trout ní tòtòtò dúdú àti pupa lára, ilẹ̀ Yúróòpù ni tirẹ̀. Ìpẹ́ wọn kéré débi pé tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ ó rò pé kò ní ìpẹ́ rárá. Wọ́n tún ní lẹ́bẹ́ kékeré kan tó lọ́ràá ní ẹ̀yìn, lẹ́bàá ìrù. Ẹni tó bá ti ṣètò ọ̀bọ̀kún rí yóò dá irú lẹ́bẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀.

Ṣé a lè rí i ní Ọ̀wẹnà tàbí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀?

A ò lè rí i. Kò sì ní sí níbẹ̀ láéláé, bí ẹnikẹ́ni bá tiẹ̀ gbé e wá. Ara trout máa ń dá ṣáṣá nígbà tí omi bá wà láàrin nǹkan bí 10°C sí 16°C. Tó bá kọjá 20°C, ìdààmú bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tó bá sún mọ́ 25°C tó sì pẹ́ níbẹ̀, ikú ló kù. Nílẹ̀ wa níbí, omi odò kì í sábà bọ́ sí abẹ́ 20°C, kódà nígbà ọyẹ́.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí tún wà níbẹ̀. Omi tútù máa ń di ọ́síjìn mú ju omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ lọ: lítà kan ní 5°C lè gba nǹkan bí mílígíráàmù 12.8, ṣùgbọ́n ní 25°C kò ju nǹkan bí 8.3 lọ. Àrọ̀ wa kò bìkítà, torí ó ní ohun tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè, òun náà ló jẹ́ kó lè wà láàyè nínú ẹrọ̀fọ̀ àti nínú báásíà oníṣòwò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Trout kò ní irú rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé trout wà ní Áfíríkà, kò parọ́. Àwọn òyìnbó kó brown trout lọ sí Kẹ́ńyà ní 1905, wọ́n sì ti kó o dé Gúúsù Áfíríkà ṣáájú ìgbà náà. Ṣùgbọ́n orí òkè gíga ni, nínú odò tó ń sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Kẹ́ńyà tó ga ju 5,000 mítà lọ. Òkè Ìdànrè ga lójú wa, mo mọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gun àtẹ̀gùn rẹ̀ mọ̀ pẹ̀lú, àmọ́ kò ga tó láti mú omi tutù fún trout.

Kí ni wọ́n ń pè ní fly, kí ló sì yà á sọ́tọ̀ sí ìwọ̀ tí a mọ̀?

Ìwọ̀ tí a mọ̀ níbí, ekòló la fi ń bò ó lẹ́nu, òjé tí a so mọ́ okùn ló sì ń gbé e lọ sọ́ọ̀ọ́kán. Fly kò ní ìdẹ. Ìwọ̀ kékeré ni, tí wọ́n fi òwú, ìyẹ́ ẹyẹ àti irun ẹran wé títí yóò fi jọ kòkòrò inú omi. Nọ́ńbà ìwọ̀ náà ń lọ sẹ́yìn: bí nọ́ńbà ṣe ń ga ni ìwọ̀ ń kéré. Èyí tí à ń lò nígbà òtútù máa ń wà láàrin 18 sí 22. Nọ́ńbà 20 kò gùn tó hóró ìrẹsì.

Nítorí pé kò wúwo, kò ṣeé jù. Okùn ló wúwo. Okùn náà nípọn, wọ́n fi rọ́bà bò ó, òun lẹ ń jù, fly kàn ń tẹ̀ lé e. Láàrin àwọn méjèèjì ni okùn tín-ínrín kan wà tí ojú ẹja kò lè tètè rí. Ẹ ó gbé ọ̀pá sẹ́yìn, ẹ ó dúró kí okùn nà tán lẹ́yìn yín, lẹ́yìn náà ni ẹ ó tó tì í síwájú. Ìdúró yẹn ni wàhálà. Ọ̀dọ́kùnrin tó lágbára ló máa ń pẹ́ jù kó tó mọ̀ ọ́n, torí ó rò pé agbára ló ń gbé okùn lọ. Mo ti rí ìyá àgbà kan létí odò Bow ní Calgary tó ń ju okùn gba orí omi kọjá bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan.

Odò tí yìnyín bò, báwo ni ẹja inú rẹ̀ kò ṣe kú?

Omi ní ìwà kan. Bó ṣe ń tutù, ó ń wúwo sí i títí tó fi máa dé 4°C. Tó bá kọjá ibẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Ìdí nìyẹn tí yìnyín fi ń léfòó. Ìdí nìyẹn náà tí ìsàlẹ̀ adágún fi máa ń wà ní nǹkan bí 4°C nígbà tí òkè rẹ̀ ti dì gbagidi tí àwọn ọmọdé ń sáré lórí rẹ̀. Nínú odò tó ń ṣàn, omi ń dàpọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó lè tutù dé ẹ̀bá 0°C, ṣùgbọ́n ṣíṣàn rẹ̀ kì í jẹ́ kó dì tán.

Ẹja kò ní ooru ara tirẹ̀ bíi ti ènìyàn. Bí omi bá ṣe rí ni inú ara rẹ̀ ṣe rí. Tí òtútù bá dé, ọkàn rẹ̀ ń lù jẹ́jẹ́, oúnjẹ ń pẹ́ nínú rẹ̀ kó tó dà, kò sì ní fẹ́ bá omi líle jà. Yóò lọ wá ibi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ dúró sí.

Ṣé ẹja tó ti rọ̀ báyẹn ṣì ń jẹun?

Ó ń jẹ. Ohun tí kò ní ṣe ni kó lé oúnjẹ kiri. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn lọ́hùn-ún, trout lè jáde láti abẹ́ òkúta kó rin mítà méjì kó sì fò sókè nítorí kòkòrò kan. Ní oṣù kìíní ọdún, bí oúnjẹ kò bá kọjá níwájú ẹnu rẹ̀ gan-an, yóò wò ó títí yóò fi lọ. Ẹ má dá a lẹ́bi. Agbára tó máa ná láti lé e lè ju èyí tó máa rí nínú rẹ̀ lọ.

Gbogbo bí a ṣe ń dẹ ẹ́ nígbà òtútù ti inú ìṣirò yìí jáde. Ẹ jẹ́ kí fly lọ sísàlẹ̀, débi pé kó máa kan òkúta nígbà míì. Tí kò bá kan nǹkan kan rárá, kò tíì jinlẹ̀ tó. Ẹ jẹ́ kó máa rìn bí omi ṣe ń rìn, kí okùn má fà á. Omi òkè máa ń yára ju ti ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà, bí okùn bá sùn sórí omi, yóò fa fly sáré ju bó ṣe yẹ lọ, ẹja yóò sì mọ̀ pé kòkòrò kì í sáré báyẹn. Ẹ gbé okùn sókè díẹ̀, ẹ tún un jù sí ìhà ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀ bó ti ń lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ojú kan náà kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i, àti lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sún un ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ibi tí ẹni tó ń kánjú kì í fẹ́ dé nìyẹn. Ó máa jù ú lẹ́ẹ̀mejì, ó máa ní ẹja ò sí níbẹ̀, ó máa rìn lọ. Ẹja wà níbẹ̀ o.

Bí ó bá sì gbé e, ẹ má retí kí okùn já lọ́wọ́ yín. Àmì kékeré tí a so mọ́ okùn, tó léfòó lórí omi, kàn máa dúró ni, tàbí kó tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé. Ẹ gbé ọ̀pá sókè lójú ẹsẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, òkúta ni. Nígbà míì, òkúta náà á gbọnrí.

Aago mélòó ni kí n jáde? Àwọn apẹja wa kì í ti ìdájí lọ sódò?

Ìdájí dára fún Ìlàjẹ, kò dára fún Bow ní oṣù kìíní. Àárọ̀ kùtùkùtù ni omi máa ń tutù jù lẹ́yìn tí òtútù òru ti lù ú. Ẹ sùn dáadáa, ẹ jẹun, kí ẹ dé etí odò ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Láàrin ìgbà yẹn sí aago mẹ́ta ọ̀sán ni iṣẹ́ wà. Bí oòrùn bá ran omi tó fi gbóná sí i pẹ̀lú ìwọ̀n kan péré, ẹja máa ń mọ̀ ọ́n lára. Ọjọ́ tí òtútù ti mú bákan náà léraléra tún sàn ju ọjọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lulẹ̀ lójijì lọ.

Ẹ ra tẹmọ́mítà odò kékeré. Kò wọ́n, ó sì máa ṣe yín láǹfààní ju ọ̀pá kejì lọ. Bí omi bá wà lábẹ́ 2°C, ó sàn kí ẹ padà sílé lọ mu tíì. Láti 4°C sí 7°C, ẹ ṣe bí mo ṣe wí lókè, jẹ́jẹ́ àti nísàlẹ̀. Tó bá kọjá ìyẹn, ẹja á bẹ̀rẹ̀ sí í yà díẹ̀ kúrò lójú ibi tó wà, ẹ ó sì rí àwọn kan tó ń fi imú kan ojú omi.

Irú fly wo ni kí n kó dání?

Kòkòrò tó ń jáde lásìkò òtútù kò pọ̀. Èyí tó pọ̀ jù ni midge, àwọn kòkòrò wínníwínní tó jọ ẹ̀fọn tí kì í jẹ ènìyàn. A ní ẹbí wọn níbí, àwọn ló máa ń rọ́ bo iná lálẹ́ fún àwọn tó ń gbé nítòsí ìdídò Ọ̀wẹnà. Ọmọ wọn ń gbé inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ní gbogbo ọdún, pupa, dúdú tàbí àwọ̀ ewé. Nítorí náà, fly tó jọ ọmọ midge ni ẹ kọ́kọ́ rà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó jọ àwọn kòkòrò tó ń rá pálá lábẹ́ òkúta, tí wọ́n ń pè ní nymph. Àwọn apẹja máa ń so méjì pọ̀ níbi tí òfin bá gbà á, ọ̀kan tó wúwo kó lè fa èyí tó kéré lọ sísàlẹ̀.

Wọ́n tún ń ta èyí tó rí bí ẹyin ẹja. Brown trout máa ń yé ẹyin nígbà tí igi ń wọ́wé, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń bá omi lọ, ẹja yòókù sì máa ń kó o jẹ. Èyí ló mú mi dé ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Bí ẹ bá rí ojú kan nísàlẹ̀ omi tí òkúta wẹ́wẹ́ rẹ̀ mọ́ ju ti àyíká lọ, bí ẹni pé wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá a, ibùsùn ẹyin ni. Ìrù ni abo ẹja fi gbá a. Ẹyin á wà lábẹ́ rẹ̀ títí òtútù yóò fi kásẹ̀ ńlẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì ju ìwọ̀ sí ẹja tó bá ń ṣọ́ ibẹ̀.

Odò wo ló dára lásìkò yẹn?

Ẹ wá èyí tí nǹkan kan ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ òtútù. Bí odò bá ń jáde láti abẹ́ ìdídò ńlá, omi ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń tú sílẹ̀, kì í sì í yí padà púpọ̀ láti ìgbà dé ìgbà. San Juan ní New Mexico, lábẹ́ Navajo Dam, lókìkí fún ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ odò tí orísun rẹ̀ ti inú ilẹ̀ jáde, bí àwọn odò ilẹ̀ ẹfun ní gúúsù England, Test àti Itchen, omi rẹ̀ máa ń jáde ní nǹkan bí 10°C yálà yìnyín ń bọ́ tàbí oòrùn ń ràn.

Ní Calgary, odò Bow gba àárín ìlú kọjá. Omi tí ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú ìdọ̀tí ìlú ń tú sínú rẹ̀ máa ń lọ́ wọ́ọ́wọ́, kì í jẹ́ kí apá odò tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ dì, ibẹ̀ sì ni àwọn apẹja máa ń lọ. Tí mo bá sọ èyí ní Àkúrẹ́, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi mí rín, wọ́n á ní ṣé inú omi ṣalángá ni mo ti ń dẹ ẹja. Wọ́n ń fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Odò Àlá tiwa tó gba àárín Àkúrẹ́ kọjá, ta ló ń fọ̀ ọ́? Ọ̀rá píọ́wọ́tà àti ìdọ̀tí ọjà là ń dà sí i. Kí àwa má rín ẹnikẹ́ni.

Brown trout inú Bow gan-an kò dédé débẹ̀. Ní 1925, ọkọ̀ tó ń kó ọmọ ẹja lọ síbòmíràn bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Kí ẹja má bàa kú dànù, wọ́n dà á sínú odò kékeré kan tó ń jẹ́ Carrot Creek, tó ń ṣàn sínú Bow. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ni ayé ń wọkọ̀ òfuurufú lọ dẹ báyìí.

Ṣé mo nílò ìwé àṣẹ?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má sì ṣeré pẹ̀lú ẹ̀. Ní England, ẹni tó bá ti pé ọdún 13 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ọ̀pá ìwọ̀ láti ọ̀dọ̀ Environment Agency. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti lè rà á. Ìyẹn kò sọ pé kí ẹ wọ odò ẹlòmíràn o, ẹ ṣì ní láti gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni etí odò. Scotland kì í béèrè ìwé àṣẹ fún trout, àyè oní-ǹkan ni wọ́n ń béèrè, òfin sì ka dídẹ brown trout léèwọ̀ láti ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹta. Nínú ọ̀pọ̀ odò England náà, wọ́n máa ń ka dídẹ brown trout léèwọ̀ nígbà òtútù. Ẹni tó wà níbẹ̀ lè dẹ grayling, ìbátan rẹ̀, láti ọjọ́ 16 oṣù kẹfà títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹta, tàbí kó lọ sí adágún tí wọ́n ń sin rainbow sí.

Ní Alberta, ìpínlẹ̀ tí Calgary wà, ẹni ọdún 16 sí 64 gbọ́dọ̀ ra ìwé àṣẹ, òfin ojú odò kan sì lè yàtọ̀ sí ti ìkejì rẹ̀. Wọ́n ń tẹ ìwé òfin tuntun jáde, ẹ kà á. Ẹni tó bá wà lórí físà kò gbọ́dọ̀ torí ẹja kan lọ bá ìjọba fa wàhálà.

Kí ni kí n wọ̀?

Ẹ gbàgbé aṣọ òwú. Síngílẹ́ẹ̀tì òwú, jíńsì, ibọ̀sẹ̀ òwú, gbogbo wọn ni yóò fa omi àti òógùn mu tí wọn yóò sì máa fa ooru ara yín jáde. Irun àgùntàn tàbí aṣọ polyester tó ń tètè gbẹ ni kó kan ara. Ẹ wọ púpọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ léra wọn, kí ẹ lè bọ́ ọ̀kan tí ẹ bá ń làágùn lójú ọ̀nà. Lórí gbogbo rẹ̀ ni sòkòtò rọ́bà tó gùn dé àyà. Ẹ di bẹ́líìtì mọ́ ọn ní ìbàdí gírígírí, torí bí ẹ bá ṣubú, bẹ́líìtì yẹn ni kò ní jẹ́ kí omi kún un.

Àṣìṣe àwọn ará ilé wa ni pé wọ́n máa ń wọ ibọ̀sẹ̀ mẹ́ta sínú bàtà tó há. Bàtà tó bá há kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé ọmọ ìka, ẹsẹ̀ á sì tutù ju ti ẹni tó wọ ẹyọ kan lọ. Ẹ ra bàtà tó tóbi díẹ̀, ẹ wọ ibọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn kan tó nípọn. Ẹ mú ìbọ̀wọ́ méjì dání, torí ọ̀kan á tutù dandan.

Ṣé ife ògógóró kan kò ní lé òtútù lọ?

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Òǹdó ló sábà máa ń béèrè èyí, wọn kì í sì í fẹ́ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Kò ní lé e lọ. Ọtí máa ń ṣí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná á rọ́ wá síta, ara á máa gbóná lójú yín, bẹ́ẹ̀ ooru inú ni ẹ ń ná. Ẹ ó wá tutù ju ẹni tí kò mu lọ, ọpọlọ yín kò sì ní tètè sọ fún yín. Ẹ gbé tíì gbígbóná sínú fúláásì, kí ẹ fi ṣúgà sí i dáadáa.

Ẹ mọ àmì yìí lára ara yín àti lára ẹni tí ẹ jọ lọ: gbígbọ̀n, kí ọwọ́ má lè so okùn mọ́, kí ọ̀rọ̀ máa lọ́ lẹ́nu. Bí ẹni tó ti ń gbọ̀n bá ṣàdédé ṣíwọ́ gbígbọ̀n nígbà tí òtútù ṣì wà, kì í ṣe pé ara rẹ̀ ti yá. Ó ti burú sí i ni. Ẹ bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, ẹ fi èyí tó gbẹ wé e, ẹ gbé e dé ibi tó móoru, ẹ sì pe àwọn adóòlà ẹ̀mí. Ẹ má dá nìkan lọ sódò nígbà òtútù, kí ẹ má sì jẹ́ kí omi kọjá orúnkún yín.

Ṣé mo lè rìn lórí yìnyín etí odò?

Rárá. Omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀, ẹ kò sì lè mọ bó ṣe nípọn tó. Ẹ wá ibi tí etí odò ti ṣí.

Yìnyín ń dí ojú àwọn òrùka ọ̀pá mi. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ ri ọ̀pá bọ inú odò, omi á yọ́ ọ. Ẹ má fi ìka kán an, orí ọ̀pá lè bá a lọ. Àwọn kan máa ń fi fasilíìnì ra òrùka náà kí wọ́n tó jáde, ó ń ràn án lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Bí òtútù bá ti jìn sí abẹ́ 0°C, àtúnṣe yìí lẹ ó máa ṣe ju ìwọ̀ jíjù lọ.

Wọ́n ní ẹ máa ń dá ẹja padà sínú omi. Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn?

Bàbá mi ló kọ́kọ́ bi mí, ohùn tó fi bi mí kì í ṣe ti ẹni tó fẹ́ gbọ́ àlàyé. Trout inú odò tútù kì í tètè dàgbà, apẹja sì pọ̀ púpọ̀. Bí gbogbo wa bá gbé tiwa lọ sílé, odò á gbẹ fún ẹja láàrin àkókò díẹ̀. Lójú odò púpọ̀, òfin gan-an ló ní kí a dá a padà. Bí ẹ bá máa dá a padà nígbà òtútù, ẹ má gbé e kúrò nínú omi. Afẹ́fẹ́ tó bá wà lábẹ́ 0°C lè mú kí yìnyín dì mọ́ ọn níbi ìmí láàrin ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́, ẹ rẹ ọwọ́, ẹ yọ ìwọ̀ níbi tó wà nínú àwọ̀n, kó máa lọ.

Èyí tí wọ́n sìn sínú adágún, tí òfin sì gbà, ẹ jẹ ẹ́. Àmọ́ ẹ má fi se ọbẹ̀ ata bí àrọ̀. Ẹran rẹ̀ rọ̀, á fọ́ yángá nínú ìkòkò. Ẹ la inú rẹ̀, ẹ fi ata rodo, àlùbọ́sà àti iyọ̀ pa á lára, kí ẹ yan án. Àrọ̀ ṣì dùn jù ú lọ, èrò tèmi nìyẹn.

Ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ ńkọ́? Ṣé a lè fi fly dẹ nǹkan kan nígbà ọyẹ́?

A lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dùn. Lásìkò ọyẹ́, Ọ̀wẹnà máa ń fà, ẹrẹ̀ máa ń rọlẹ̀, ẹja lè rí ìwọ̀. Epìyà lẹ máa lé. Ó ń gbé fly kékeré tó rì. Ìṣirò òtútù tí mo ṣe lókè náà ló wà níbẹ̀, kàn jẹ́ pé nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀: ẹnu epìyà máa ń dí bí omi bá sún mọ́ 20°C. Omi ẹ̀bá odò tí kò jinlẹ̀ ni ọyẹ́ òru ń kọ́kọ́ mú, nítorí náà, epìyà á ti sún lọ sí ibú ní ìdájí. Tí oòrùn bá ti la kùrukùru já, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń padà bọ̀ sí ẹ̀bá. Àrọ̀ kò dára fún fly. Òru ló ń jẹ̀, irùngbọ̀n àti òórùn ló sì fi ń wá oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí ekòló máa bá tirẹ̀ lọ.

Igi máa ń wà lẹ́yìn yín létí odò wa, kò sí àyè láti gbé okùn sẹ́yìn. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí okùn síwájú láti orí omi láìgbé e sẹ́yìn. Ẹ lọ sí pápá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́, ẹ so òwú pupa kékeré dípò ìwọ̀, kí ẹ máa jù ú. Àwọn ọmọdé á pé jọ wò yín, ẹ ó fara dà á.

Ìkìlọ̀ díẹ̀ wà. Bí ẹ bá mú ẹja tó sanra, tó rí múlọ́múlọ́, tí kò ní ìpẹ́ tí kò sì ní lẹ́bẹ́ lẹ́yìn àfi kékeré kan nítòsí ìrù, òjìjí ni. Iná tó ń jáde lára rẹ̀ lè dé 350 volt. Ẹ gé okùn. Níbi tí omi ti dúró tí ìgbín omi wà, ẹ wọ bàtà rọ́bà, torí kòkòrò àtọ̀sí ajá ń gba awọ wọlé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà abúlé kí ẹ tó ju ìwọ̀, àwọn odò kan wà tí wọn kì í pa ẹja inú wọn. Bí ẹ bá sì dé odò tí ẹja ti ń léfòó, ẹ má he é. Ilẹ̀ kòkó nìyí. Àwọn aláìláàánú kan máa ń da Gamalin, oògùn kòkòrò kòkó, sínú odò láti fi kó ẹja, ohun tó bá sì pa ẹja báyẹn kò ní yọ́nú sí ikùn ènìyàn.

Ìyá kan láti Yaba ní Òǹdó: "Ọmọ mi ní Calgary ti bẹ̀rẹ̀ eré yìí. Kí ni kí n fi ránṣẹ́ sí i?"

Mà, ẹ má ra ọ̀pá fún un níbí, ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án onínọ́ńbà 5 (nọ́ńbà ìwúwo okùn tó bá a mu nìyẹn) pọ̀ lọ́hùn-ún fún alákọ̀ọ́kọ́. Ibọ̀sẹ̀ irun àgùntàn náà, ọ̀dọ̀ wọn ló ti dára. Ẹ sọ fún un kó máa fi ibi tó ń lọ àti àkókò tó máa padà ránṣẹ́ sí ẹnì kan kó tó jáde nílé. Tí ẹnì kan bá ń bọ̀ níbẹ̀, ẹ fún un ní ata gígún.